Ère Bàbá Wa Lẹ́bàá Ojú Irin

(Èmi télọ̀ tó ń gbé yàrá iwájú ni mò ń kọ lẹ́tà yìí. Bàbá onílé mi ni wọ́n ń sọ ọ́, nítorí wọn ò kàwé. Wọ́n ní kí n má bá wọn tún ọ̀rọ̀ ṣe, àti pé tí ẹ̀rín bá ń pa mí, kí n jáde lọ rín in.)

                                        Ilé Ẹ̀gbọ́n Rẹ,
                                        Yàrá Ẹ̀yìn,
                                        Sátidé, lẹ́yìn òjò àárọ̀.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Orúnkún rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí o gun àtẹ̀gùn? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ó ṣì ń hanrun lórí àga bí ẹni ń la pákó? Àwọn ọmọ ńkọ́, àwọn ọmọ ọmọ ńkọ́? Ìyàwó mi ní kí n béèrè ewúrẹ́ rẹ tó jẹ aṣọ òun. Ara tiwa le. Eyín kan ló ń mì lẹ́nu mi, mo sì ti sọ fún un pé kò ní rí mi lọ́dọ̀ dókítà.

Mo mọ̀ pé o ṣì ń bínú. Láti ọjọ́ tó o ti rí ère Bàbá wa tí mo gbẹ́ sẹ́bàá rélùwéè ìṣeré kékeré tí mo ṣe sórí tábìlì mi, tó o ní “Èyí kì í ṣe bàbá mi,” tó o gbé báàgì rẹ, o ò tẹ ilé yìí mọ́. Èmi gbẹ́ wọn ní ìbẹ̀rẹ̀mọ́lẹ̀, ọkọ́ lọ́wọ́, orí sílẹ̀. Ìwọ ní tí ọkọ̀ ojú irin bá ń kọjá lẹ́bàá oko wa, Bàbá máa ń nàró, wọn á ṣí akẹtẹ̀ wọn, wọn á fi í juwọ́ sí awakọ̀ títí ọkọ̀ á fi wọgbó. Mo ní irọ́ ni. Ṣebí èmi ni mo bá wọn roko, poro tèmi ló tẹ̀lé tiwọn. Mo fi gìgísẹ̀ ère náà hàn ọ́, bó ṣe sán, pé wò ó, ta ló mọ Bàbá ju èmi lọ? Bàbá tó jẹ́ pé tí mo bá na ẹ̀yìn láàárín poro, wọn á ní “Ṣé ilẹ̀ ti tán ni?” Ṣé irú wọn ló máa dúró wo ọkọ̀? O pè mí ní olóríkunkun. Mo ní ìwọ náà ńkọ́, ọmọ ta ni ọ́?

Jẹ́ kí n wá ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ.

Kápẹ́ńtà tó bá mi kan tábìlì ní èérún pákó tí wọ́n pa láró ni kí n fi ṣe ilẹ̀ oko. Mo ní rárá o, oko Bàbá kì í ṣe èérún pákó. Mo ní kí wọ́n bu erùpẹ̀ oko wa gan-an wá fún mi. Mo fi asẹ́ ìyàwó mi jọ̀ ọ́ (ìjà yẹn ò tíì parí), mo fi fọ́ọ̀kì kọ ebè sí i wẹ́wẹ́. Kápẹ́ńtà ní kí n da gọ́ọ̀mù olómi lé e. Mo tún kọ̀. Láràárọ̀ ni mò ń wọ́n omi sí i kí eruku má baà gba ojú irin.

Àbúrò mi, koríko hù! Mo kọ́kọ́ rò pé òwú télọ̀ ló já bọ́ síbẹ̀, torí òun ló ń rán aṣọ fún àwọn ère mi: ọ̀gá ibùdókọ̀, ìyá tó pọnmọ, ọkùnrin tó ń sáré torí pé ọkọ̀ fẹ́ fi í sílẹ̀. Àfi ìgbà tí ọkọ̀ jáde nínú ihò òkè, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yí lórí koríko tó ti gba ojú irin, ló bá yẹ̀, ó dojú dé inú oko Bàbá, ó wó lu ọ̀gá ibùdókọ̀. Kápẹ́ńtà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. “Bàbá, ẹ ti dáko sínú yàrá! Ìgbà wo la máa kórè?” Mo ní kó jáde nílé mi.

Mo lu ìṣó pẹlẹbẹ, mo fi igi ìṣáná ṣe èèkù rẹ̀, ó di ọkọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ tábìlì, mò ń ro ebè kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yìn ń ro mí bí ìgbà tí mo wà lọ́mọdé. Ìyàwó mi tan ọkọ̀ láti wò ó bóyá ojú irin ti mọ́. Bí mo ṣe gbọ́ kàkà-kàkà rẹ̀ báyìí, mo ti nàró. Mo fi ọwọ́ lé ìbàdí, mò ń wò ó títí ó fi wọ ihò òkè.

Ìyàwó mi ní, “Kí lẹ dúró wò?”

Mo ní, “Mò ń wo ọkọ̀ ni.”

Mo bá wo ọkọ́ ìṣó náà, mo gbé e sílẹ̀.

Ṣé ó ṣe é ṣe kí ẹni tó ń roko má nàró tí ọkọ̀ bá ń bọ̀? Ìsinmi wo ló tún jù bẹ́ẹ̀? Níbo wá ni ojú mi wà nígbà náà? Ilẹ̀ ló wà. Ẹ̀rù Bàbá kì í jẹ́ kí n gbórí. Ìwọ lo jókòó sí ìparí poro, tó ò ń ṣọ́ kèrègbè omi, tó ò ń wo gbogbo wa. Gìgísẹ̀ wọn nìkan ni èmi mọ̀. Àṣé ẹni tí kò jẹ́ kí n na ẹ̀yìn ń na tiẹ̀ lójú mi! Ẹ̀yin ẹ wo bàbá yìí!

O jàre. Má jẹ́ kí n tún un sọ.

Mo ti gbẹ́ ère Bàbá mìíràn, wọ́n nàró ṣánṣán. Télọ̀ ti fi òwú hun akẹtẹ̀ wọn. Ère àtijọ́ kò dànù. Mo sún un sí poro kejì. Èmi nìyẹn. Mo gbé ìwọ náà sí ìparí poro pẹ̀lú aṣọ pupa, má bá mi jà pé imú rẹ tóbi. Ṣùgbọ́n mi ò tíì lẹ apá Bàbá mọ́ ara, torí mi ò mọ ọwọ́ tí wọ́n fi ń juwọ́. Mi ò sì gbẹ́ ojú wọn. Wá sọ ọ́ fún mi: ṣé wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín?

Kí ọkọ rẹ àti gbogbo ilé fún mi. Bá mi na ewúrẹ́ yẹn.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó gbà lẹ́ẹ̀kan péré,

Olóríkunkun

(Àmì àtàǹpàkò wọn rèé. Oje koríko tí wọ́n ń ro ló jẹ́ kó ní àwọ̀ ewé.)

Ẹlẹ́rìí kìíní: Ìyàwó wọn. Etí mi ni wọ́n ṣe gbà pé àwọn jẹ̀bi. Tètè máa bọ̀ kí wọ́n tó yí ọ̀rọ̀ padà.

Ẹlẹ́rìí kejì: Kápẹ́ńtà, tí wọ́n ti gbà padà sínú ilé.