Àpótí Tí Wọ́n Gbà Lọ́wọ́ Ìyá Bísí

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo kí Bọ̀dá Ràfíù tíṣà, tó ń ka èyí sí yín létí, mo sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má fo ìlà kankan. Inú ìwé ìròyìn ni mo kọ ọ́ sí lọ́tẹ̀ yìí, torí lẹ́tà tí mo bá fi rán dírẹ́bà, gbogbo Ìkìrun ló máa ń gbọ́ ọ kí ẹ̀yin tó gbọ́. Kí gbogbo ayé kúkú gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Pẹ̀lú ọkàn tó wúwo ni mo fi ń kéde fún yín pé ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ní ẹnu géètì ilé iṣẹ́ wa ní Ìsọlọ̀, wọ́n mú àpótí kan. Àpótí ìjókòó ni, irú èyí tí ẹ̀ ń jókòó lé tí ẹ bá ń dáná. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé. Kò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Síbẹ̀ àwọn gádì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, wọ́n sì tì í mọ́lé.

Ìyá Bísí ló gbé e wá. Ará Ìwó ni, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, oyún rẹ̀ ti di oṣù méje. Ike là ń ṣe níbí: bọ́kẹ́ẹ̀tì, abọ́ àti ìdérí. Ìdí ẹ̀rọ ìdérí ló ń dúró sí láti aago méje àárọ̀ títí di méje ìrọ̀lẹ́, tó ń fi ọ̀bẹ gé etí ìdérí tó ṣì gbóná. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú débi pé bàtà ọkọ rẹ̀ ló ń wọ̀ wá síṣẹ́. Kò bèèrè ju kí òun máa jókòó ṣiṣẹ́ lọ. Ohun tí mo ń bínú sí nìyẹn, Ìyá mi, èmi fúnra mi sì wà lára àwọn tí mo ń bínú sí.

Ní oṣù tó kọjá, máníjà wa pe Dókítà kan wá. Kì í ṣe dókítà alábẹ́rẹ́. Ọmọ Òndó ni, Ire-Akárí ló ń gbé, ohun tó sì lọ kọ́ nílùú òyìnbó fún ọdún mẹ́jọ ni bí ìgbé ayé ènìyàn ṣe lè dára. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń sanwó fún un. Owó epo rọ̀bì ti pọ̀ nílùú débi pé ìjọba ti ra sìmẹ́ńtì títí ó sú wọn, ó wá kan kí a ra àlàáfíà.

Èèyàn dáadáa ni, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ní kì í ṣe owó nìkan ló ń mú kí ayé ènìyàn gún. Pé ó yẹ kí ènìyàn ní ọ̀rẹ́, kí ara rẹ̀ le, kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nítumọ̀, kí wọ́n sì máa bọ̀wọ̀ fún un. Máníjà mi orí sí gbogbo rẹ̀, pàápàá ibi tó ti ní kì í ṣe owó nìkan.

Wọ́n ní kí èmi akọ̀wé sítọ́ọ̀ máa bá a bi àwọn òṣìṣẹ́ ní ìbéèrè, torí mo lọ sí pólì, mo sì mọ orúkọ wọn. Ìbéèrè kìíní ni pé, báwo ni ayé yín ṣe rí? Ìdáhùn márùn-ún ló wà lórí ìwé, láti orí "ó burú gan-an" dé "ó dára gan-an". Kí n fa ìlà sí ọ̀kan.

Ìyá mi, ta ló máa fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún àlejò láàárọ̀ pé ayé òun burú? Bàbá Adé, tí ẹ̀rọ gé ìka rẹ̀ méjì, ní a dúpẹ́ pé kì í ṣe gbogbo ọwọ́ ló mú. Mo fa ìlà sí "ó dára gan-an". Ìyá Bísí ní a dúpẹ́, òun ṣì ń mí. Mo tún fa ìlà síbẹ̀. Ó wá rọra sọ fún mi pé kí n bá àwọn kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn obìnrin ń fẹ́ nǹkan tí àwọn lè jókòó lé. Mo wo ìwé náà. Kò sí àyè fún un. Mo ní kó fọkàn balẹ̀.

Báyìí ni ìwádìí ṣe fi hàn pé kò sí ibi tí ayé ti dùn tó ìdí ẹ̀rọ ìdérí ní Ìsọlọ̀. Wọ́n fi èèpo búlúù bo ìwé rẹ̀. Nígbà tí àwọn obìnrin lọ bẹ fọ́máànù fún ìjókòó, ó gbé ìwé búlúù síwájú wọn, ó ní ta ló sọ pé a dúpẹ́, àbí òun ni. Ni Ìyá Bísí bá gbé àpótí tirẹ̀ wá láti ilé. Wọ́n ní ó kó àga wọ ilé iṣẹ́ láìgbàṣẹ, wọ́n sì ní kó máa lọ sílé, kó má padà wá mọ́.

Àga mẹ́rìnlá tí wọ́n fi awọ bò gba orí òkun wá láti ilẹ̀ òkèèrè fún àwọn ọ̀gá wa. Èmi ni mo fọwọ́ sí ìwé wọn. Ọ̀gá mẹ́wàá la ní. Mẹ́rin tó kù wà nínú ọ̀rá ní sítọ́ọ̀ mi, wọ́n ń jókòó lé ara wọn.

Mo lọ bá Dókítà nílé nínú òjò, tí àwọn lọ́rí ń fi ẹrẹ̀ wẹ̀ mí lọ́nà. Mo ṣàlàyé fún un pé ìkíni ni a dúpẹ́, kì í ṣe ìdáhùn. Ó ní àwọn fúnra wọn ló sọ ọ́. Mo wá bi í pé nígbà tí mo kí òun ní ẹnu ilẹ̀kùn, kí ni òun fi dá mi lóhùn. Ó ní a dúpẹ́ ni. Omi òjò sì ti wọ páálọ̀ rẹ̀ dé kókósẹ̀, ó ká ṣòkòtò sókè, bọ́kẹ́ẹ̀tì tiwa ló fi ń gbọ́n ọn. Ó ní òótọ́ ni mo sọ. Ó tún ní wọ́n ti tẹ ìwé náà jáde.

Ìlà kejì gbogbo lẹ́tà tí mo ti kọ sí yín ni pé àlàáfíà ni mo wà. Irọ́ ni. Yàrá tí mo háyà ní Èjìgbò tó wà lẹ́bàá Ìsọlọ̀ ń jò, n kò sì ní ẹni tí mò ń bá jẹun. Ní ọjọ́ Àìkú, mo máa ń ka ìwé ìròyìn láti ẹ̀yìn wá síwájú kí ilẹ̀ lè tètè ṣú. Ẹ̀yin náà máa ń ní kí wọ́n kọ ọ́ pé ẹ wà dáadáa. Mo délé ní Kérésì, mo bá ògiri ilé ìdáná nílẹ̀, ẹ ní a dúpẹ́ pé kò wó lu ewúrẹ́. Orúnkún yín ńkọ́? Ẹ má dúpẹ́. Ẹ dá mi lóhùn.

Mo ti tún bi àwọn òṣìṣẹ́ léèrè fúnra mi. N kò bèèrè bí ayé ṣe rí. Mo ní kí wọ́n fi ibi tó ń dùn wọ́n hàn mí. Ìwé náà ti kún. Ní Mọ́ńdè, mo máa gbé e síwájú máníjà, mo máa ní kí wọ́n pe Ìyá Bísí padà síṣẹ́, kí wọ́n sì tú ọ̀rá lára àga mẹ́rin yẹn. Bí wọ́n bá lé mi, ẹ bá mi tẹ́ ẹní sílẹ̀.

Ẹ kí Àǹtí Ṣadé. Ẹ kí gbogbo agboolé. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹ máa nàró níbi tó yẹ kí ẹ ti jókòó.

Èmi ni ọmọ yín,
Àyìnlá

Èyí ni ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ pátákó ilé iṣẹ́ wa ní Ọjọ́rú tó tẹ̀lé Mọ́ńdè yẹn, tí mo dà kọ kí n tó fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́:

ÌFILỌ̀ SÍ GBOGBO ÒṢÌṢẸ́. Láti òní lọ, Ọ̀gbẹ́ni Àyìnlá, akọ̀wé sítọ́ọ̀ tẹ́lẹ̀, ti di Ọ̀gá fún Àlàáfíà Òṣìṣẹ́. Ó ti gba ipò náà, ó sì ti fọwọ́ sí i pé ọ̀rọ̀ obìnrin tó gbé àpótí wọlé ti parí. A ti tú ọ̀rá lára àga kan fún Ọ̀gbẹ́ni Àyìnlá láti máa jókòó lé. Ẹni tó bá ní ẹ̀dùn ọkàn, kí ó lọ rí i ní ọ́fíìsì rẹ̀. Orí ìdúró ni wọn yóò ti máa sọ ọ́.