Ààbọ̀ Ìṣẹ́jú tí Ammi Fi Bá Baji Sọ̀rọ̀

Ajé, 4 Oṣù Kẹta 2024. Multan.

Dókítà ti mú ọjọ́: ogún oṣù yìí. Wọ́n máa yọ ibi tí ohùn ti ń jáde kúrò lọ́fun Ammi, ìyá mi. Ẹ̀mí á kù, ohùn á lọ. Ammi ò sì mọ̀wé kọ. Nígbà tí à ń bọ̀ wálé, ó ní, "Puttar, ọmọ mi, ta ló máa wá máa bú ẹ?" Mo rẹ́rìn-ín. Mo délé, mo ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀, mo sunkún.

Ìṣẹ́gun, 5

Mo fẹ́ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Fóònù ò gbọ́ ọ mọ́, ohùn náà ti wálẹ̀ jù. Gbohùngbohùn tí Ustad, ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, fi sílẹ̀ ló lè gbọ́ ọ, ara Arúgbó nìkan ló sì ti ń ṣiṣẹ́ — Arúgbó ni mò ń pe kọ̀ǹpútà Linux tí a fi ń tẹ káàdì ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀bù.

Ọjọ́rú, 6

Ammi jókòó síwájú ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ Baji Shagufta ló kọ́kọ́ jáde. Ẹ̀gbọ́n mi. Ó fẹ́ ọkùnrin tí Abbu, bàbá wa, kọ̀, kóòtù ni wọ́n ti so yìgì. Ọdún mọ́kànlá nìyí tí Ammi ti búra pé òun ò ní bá a sọ̀rọ̀ mọ́. "Sọ fún un kó má wá síbi òkú mi." Ẹ̀rọ ń gé ọ̀rọ̀ náà jẹ wẹ́wẹ́. Mo pa á rẹ́. Ká sòótọ́, inú mi dùn pé ó bàjẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 7

Mo mọ ohun tó ń gé e. Bí Ustad ṣe to Arúgbó ni: gbogbo nǹkan ló ń kọ́kọ́ kọ sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, kó tó wá kọ ọ́ sí àyè rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì. Arúgbó ò lè sáré bá ohùn. Ustad, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un, máa ń sọ pé, "Ìlú tí iná ń ṣẹ́jú báyìí, kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì." Ọ̀nà kan wà tó yá jù: á kàn kọ sínú ìwé pé nǹkan wà níbí, nǹkan fúnra rẹ̀ á dé tó bá yá. Mo gbìyànjú láti yí i padà níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Ó kọ̀. Mo tún un ṣe. Ó kọ̀.

Jímọ̀, 8

Mo rí i ṣe! Apá tí ohùn ń wọlé sí nìkan ni mo tú kúrò, mo yí i, mo so ó padà. Ìyókù ń tẹ káàdì lọ, kò mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Ohùn ń já gaara. Bátìrì tó yẹ kó gbé e dúró tí iná bá lọ ti kú láti oṣù tó kọjá, ṣùgbọ́n ìwé wà lára ògiri: iná ń lọ ní aago mẹ́wàá àárọ̀ àti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ó ń dé lẹ́yìn wákàtí kan. Èwo ni wàhálà?

Àìkú, 10

Ammi sọ ti ewúrẹ́ tó jẹ káàdì ìgbéyàwó rẹ̀. Kò sí gígé kankan.

Ìṣẹ́gun, 12

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Dókítà ò jẹ́ kí Ammi gbà á. Ó sunkún ju ìgbà tí wọ́n sọ ti ọ̀fun lọ.

Jímọ̀, 15

Ku díẹ̀ kí aago márùn-ún lù. Ammi ní, "Tan ẹ̀rọ rẹ, kí o bọ́ síta. Guddi ni mo fẹ́ bá wí." Guddi! Orúkọ tó fi ń pe Baji nígbà kékeré. Mo ní, ìbúra ńkọ́? "Ẹ̀rọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ṣé ẹ̀rọ lọmọ mi? Jáde jàre."

Mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn. N ò gbọ́ ọ̀rọ̀, ẹkún ni mo gbọ́, àti ẹ̀rín díẹ̀. Kò ju ààbọ̀ ìṣẹ́jú lọ. Inú mi dùn débi pé ojú ẹsẹ̀ ni mo pe Baji: Ammi ti bá ẹ sọ̀rọ̀ o! Ammi ní, "Ó tán." Mo fọwọ́ kan ilẹ̀kùn. Iná lọ.

Aago márùn-ún. Ọdọọdún ni wọ́n ń yí aago iná padà nínú ààwẹ̀, kí ìṣínu má baà bọ́ sókùnkùn. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ ọ́n!

Àbámẹ́ta, 16

Wọn ò dúró de ogún. Ọ̀fun dí nígbà ìṣínu. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Ammi yè. Ohùn ti lọ.

Àìkú, 17

Mo tan Arúgbó. Ó ní kò sóhun tó bàjẹ́. Ewúrẹ́ pé. Fáìlì Baji náà wà, gígùn rẹ̀ pé. Mo tẹ̀ ẹ́. "…kó má wá… síbi òkú… òkú mi."

Èyí tí mo pa rẹ́. Kọ̀ǹpútà kì í nu nǹkan, ṣe ló ń gba àyè rẹ̀ fún òmíràn. Ìwé àkọsílẹ̀ ti kọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ Baji tuntun wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ò tíì dé nígbà tí iná lọ, ti tẹ́lẹ̀ ló ṣì wà ní àyè náà. Èmi ni mo ṣe é. Ọwọ́ mi yìí.

Ọjọ́bọ̀, 28

Ammi ti délé. N ò tíì lè sọ fún un. Baji ń bọ̀ lọ́la.

Jímọ̀, 29

Baji wọlé. Ammi ò jẹ́ kó jókòó, ó nawọ́ sí ẹ̀rọ. Mo ní ara Arúgbó ò yá. Baji ní, "Naveed, tó o bá tún parọ́ kan sí i, mà á fọ́ ẹ létí." Òun fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́.

Ó gbọ́ ọ tán. Ó gbé báàgì rẹ̀. "Mo ti gbọ́, Ammi."

Ammi di etí ìborùn Baji mú. Ó ń mi orí, ó ń mi orí. Ó la ẹnu, afẹ́fẹ́ nìkan ló ń gba ihò ọrùn rẹ̀ jáde. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún àwọn méjèèjì.

Baji gbé báàgì sílẹ̀. Ó jókòó síwájú Ammi, orúnkún kan orúnkún. "Ẹ tún un sọ, Ammi. Mò ń wo ẹnu yín."

Ammi tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, lójúkojú, láìka ìbúra ọdún mọ́kànlá sí. Ó sunkún níbi kan, ó rẹ́rìn-ín níbi kan. Kò ju ààbọ̀ ìṣẹ́jú lọ. Baji ń dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, Ammi, bẹ́ẹ̀ ni, kò sì gbọ́ ẹyọ kan nínú rẹ̀.