Fíìmù Tí Ìyá Rẹ Ti Fún Àlejò Lómi

Karaağıl, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀

Döndü, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ o, mo fi ẹnu ko ojú rẹ méjèèjì láti òkèèrè. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé òtútù Istanbul ò tíì wọ yàrá rẹ? Ọlọ́run tó dá ọ padà fún wa lọ́jọ́ tí gbogbo ayé ti káwọ́ lérí nítorí rẹ, Ọlọ́run yẹn kan náà ni yóò máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ. Mọ́tò ò ní gbá ọ, ọkọ̀ ojú omi tí ò ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ kò ní rì, ọ̀gá tó bá sì ń wá ọ̀nà àtilé ọ, òun ni wọn yóò kọ́kọ́ lé. Àmín. Tí o bá béèrè wa, a dúpẹ́, a wà láàyè. Mo kọ "wa" torí pé ó ti mọ́ mi lọ́wọ́. Èmi nìkan ni mo kù nínú ilé.

Ìròyìn ilé kò burú. Àgùntàn dúdú bí ìbejì, ọ̀kan kú, èkejì ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún káàkiri àgbàlá. Lèmọ́mù wa lọ fi eyín àtọwọ́dá sẹ́nu nílùú, láti ìgbà náà ni ìwáàsù rẹ̀ ti ń súfèé, àwọn ọmọdé ń rẹ́rìn-ín, àwa àgbà náà sì ń pẹ́ lórí ìforíkanlẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ kó má baà rí ojú wa. Gülizar aládùúgbò wa ń gbé ọbẹ̀ wá fún mi nírọ̀lẹ́, iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù, àmọ́ báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́, mo ń jẹ ẹ́, mo ń fi omi tì í. Igi awùsá tí ìyá rẹ gbìn sẹ́nu ọ̀nà so gan-an lọ́dún yìí. Mo ti di díẹ̀ sínú àpò fún ọ, pẹ̀lú ìyẹ̀fun ọbẹ̀ tarhana tí òun fúnra rẹ̀ sá gbẹ̀yìn. Mo ń wá ẹni tó ń bọ̀ ní Istanbul tí n ó fi rán, ṣùgbọ́n tí o bá wá fúnra rẹ, wàá gbé e lọ.

Fóònù tí o rà fún mi náà wà. O rántí pé o kọ́ ọ pé ojú mi ni kó máa wò kó tó ṣí. Láti ìgbà tí ìyá rẹ ti lọ, n ò fá irùngbọ̀n, ojú mi sì ti jìn wọnú, bí mo bá wá gbé fóònù náà síwájú, á ní òun ò mọ̀ mí. Mo dé fìlà, mo ṣí fìlà, mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín sí i, ó kọ̀ jálẹ̀. N ò bínú sí i. Èmi náà wo dígí lọ́jọ́ kan, n ò mọ ọkùnrin ọ̀hún. Kâmil baálẹ̀ wa ló bá mi fi nọ́ńbà àṣírí sí i, ó sì bá mi kọ nọ́ńbà náà gàdàgbà sára ògiri ilé tíì tí gbogbo abúlé ti ń jókòó kí n má baà gbàgbé. Ó káre.

Ọ̀rọ̀ obìnrin tó ń bá ọ gbé ìpè rẹ nìyí. Mo mọ̀ pé níbi iṣẹ́ yín, fóònù onífóònù lẹ ń gbé látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kò sì burú bí ẹnì kan bá ń bá ọ gbé tìrẹ nígbà tí ọwọ́ rẹ bá dí. Ṣùgbọ́n ọmọ mi, ìgbàkígbà tí mo bá pè, òun náà ni. Á ní ẹni tí mo ń pè kò ṣeé kàn sí báyìí, kí n tún gbìyànjú tó bá yá. Mo kí i, mo béèrè ọkọ àti ọmọ rẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi sọ fún Döndü pé bàbá rẹ̀ pè, pé kò bínú. Kò dá mi lóhùn lórí ọ̀kankan, ó kàn tún tiẹ̀ sọ ni, lẹ́yìn náà ó wá fi èdè òyìnbó sọ ọ́, bóyá ó rò pé àjèjì ni mí. Ohùn rẹ̀ dùn, ẹ̀tọ́ ni kí n sọ ìyẹn. Àmọ́ kò jọ ẹni tó ń jíṣẹ́. Ìdí tí mo fi mú bírò nìyẹn.

Fóònù náà tún ní ìwà kan, ó ń yan fíìmù fún mi. Á ní òun rò pé n ó fẹ́ràn eléyìí, òun rò pé n ó fẹ́ràn tọ̀hún. Mo bá a wo ọ̀kan, ọkùnrin kan bẹ́ sílẹ̀ látinú bàálù, ó ń yìnbọn bó ṣe ń já bọ̀, kò kí ẹnikẹ́ni, kò jẹun, kò mu tíì, títí fíìmù fi parí. Mo fọ̀wọ̀ sọ fún fóònù pé ó ṣeun, pé ilé wa ń ṣọ̀fọ̀ lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kejì ó tún gbé òmíràn wá. Mo wá ro ó pé, bí nǹkan tí kò tiẹ̀ dá ojú mi mọ̀ bá lè máa yan fíìmù fún mi, kí ló dé tí èmi tí mo bí ọ kò lè yan fún ọ? Torí náà, jọ̀ọ́, wá ààyè wo mẹ́ta yìí. Fíìmù ilẹ̀ wa ni gbogbo wọn, èmi àti ìyá rẹ la jọ fẹ́ràn wọn. N ò mọ àkọlé wọn, nítorí katakata tó ń kó wa lọ sí sinimá ìta gbangba nílùú máa ń pẹ́, orúkọ fíìmù á ti kọjá ká tó débẹ̀. Ìyá rẹ ló ń sọ wọ́n lórúkọ.

Èyí àkọ́kọ́, òun ló pè é ní Ọ̀dọ́mọbìnrin Ahunní. Ọmọbìnrin kan ń hun ẹní kápẹ́ẹ̀tì títí ojú rẹ̀ fi fọ́, ọmọkùnrin tó ń fẹ́ ẹ sì ti lọ sójú ogun. Wọ́n wá ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ojú là, ọmọkùnrin yẹn sì dé, ó ń bọ̀ lójú títì, irùngbọ̀n bo ojú rẹ̀, ọmọbìnrin náà sì ń kọjá lọ ní tiẹ̀, kò mọ̀ ọ́n! Ìyá rẹ dìde lórí àga, ó pariwo mọ́ ọn pé dúró, òun nìyẹn o, ìwọ ọmọ yìí, yíjú padà! Àwọn tó wà lẹ́yìn ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jókòó, kóró òdòdó oòrùn tí a ń pa jẹ dà sílẹ̀ tán. Ìgbà tí ọmọkùnrin náà pe orúkọ rẹ̀ ló tó mọ̀ ọ́n. Ìyá rẹ ní ohùn la fi ń mọ ẹni tó jẹ́ tẹni, pé ojú ń tan ni jẹ. Mo ń rántí ọ̀rọ̀ yìí lójoojúmọ́ báyìí.

Èkejì, ẹ̀rín lo máa rín, mo fẹ́ kí o rẹ́rìn-ín. Ilé Àìnílẹ̀kùn ló pè é. Ìdílé kan lọ sí Istanbul, wọ́n fẹ́ fi òru kan kọ́lé sórí ilẹ̀ ìjọba, torí bí ilẹ̀ bá mọ́ tí òrùlé ti wà lórí rẹ̀, wọn kì í tètè wó o. Gbogbo wọn ń sáré, bàbá ń mọ ògiri, ọmọ ń gbé bíríkì, ìyá àgbà ń po sìmẹ́ńtì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ilé ti dúró, òrùlé ti wà, àmọ́ gbogbo wọn wà nínú ilé, wọ́n gbàgbé láti fi ilẹ̀kùn sí i. Ọlọ́pàá dé, wọ́n ní kí wọ́n jáde, àwọn ará ilé ní àwọn ò lè jáde. Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín títí gèlè fi bọ́ lórí rẹ̀. Ìgbà tí ìwọ náà kó lọ sí Istanbul, alẹ́ àkọ́kọ́, ohun tó sọ ni pé kí Ọlọ́run jẹ́ kí ilé tọ́mọ òun máa gbé ní ilẹ̀kùn.

Ẹ̀kẹta gan-an ni mo tìtorí rẹ̀ kọ̀wé. Kâmil mọ àkọlé tirẹ̀, mo ní kó kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé yìí. Abúlé wa níbí ni wọ́n ti yà á, lọ́dún kejì ìgbéyàwó wa, o ò tíì délé ayé. Ìsáǹsá kan ló fẹ́ gba abúlé kọjá, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, obìnrin kan á fún un lómi nídìí ìsun omi. Àwọn oníṣẹ́ fíìmù ń wá obìnrin tí yóò ṣe é, gbogbo obìnrin abúlé sá wọlé, ìyá rẹ nìkan ni kò sá, ó ti ní igbá omi lọ́wọ́. Wọ́n ní ohunkóhun tó bá wù ú ni kó sọ, pé wọ́n máa fi ohùn sí i tí wọ́n bá dé Istanbul, torí bí wọ́n ṣe ń ṣe fíìmù nílẹ̀ wa nígbà náà nìyẹn, ojú ẹnì kan, ohùn ẹlòmíràn. Oòrùn mú lọ́jọ́ náà, òùngbẹ ń gbẹ òṣèré yẹn ní tòótọ́, ó ń gbé omi mì gbọ̀mù gbọ̀mù. Àánú ṣe ìyá rẹ. Ó ní kó rọra mu ún, ọmọ ìyá òun, pé omi tútù láti òkè ni, á gún un láyà. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, etí ara mi ni mo fi gbọ́ ọ.

Ìgbà tí fíìmù náà dé sinimá ìlú, ilé ò gba ẹnikẹ́ni ní Karaağıl, gbogbo wa la lọ. Ojú rẹ̀ yọ. Há! A pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta wá. Ó na igbá omi, ó la ẹnu, ohùn obìnrin ìlú ńlá kan ló jáde níbẹ̀, ohùn líle, ó ní kí ó mu ún kí ó máa lọ, kí ó má padà wá síbí mọ́ láé. Ìyá tó bí i lọ́mọ bi í lójú gbogbo èèyàn pé báwo ló ṣe lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí àlejò tí òùngbẹ ń gbẹ. Ó sunkún lórí katakata títí a fi délé, ó ń sọ pé òun ò sọ bẹ́ẹ̀, òun ò sọ bẹ́ẹ̀. Títí ó fi darúgbó, bí àlejò bá mu omi wa, ó ní láti sọ fún un pé ẹ padà wá o, ibí yìí náà ni kí ẹ tún yà. O rò pé àṣejù ni nígbà náà, ó máa ń tì ọ́ lójú.

Ọmọ mi, gbọ́ mi dáadáa báyìí. Ọjọ́ tí o dé, tí mọ́tò yín ti bàjẹ́ lójú ọ̀nà, tí a sì ti sin ìyá rẹ kí o tó dé, itẹ́ òkú ni mo ṣì wà. Satılmış ẹ̀gbọ́n mi ló pàdé rẹ lẹ́nu ọ̀nà. Gülizar ló sọ fún mi lẹ́yìn tí o ti lọ. Ó ní Satılmış bi ọ́ bóyá àtíkè ni ìwọ Derya Hanım, ìyáàfin ará Istanbul, dúró kùn lójú ọ̀nà, ó ní ìyá rẹ pe orúkọ rẹ títí ó fi kú, pé ìyá rẹ ló ní bí o bá pẹ́, kí o má padà wá síbí mọ́. Irọ́ ni! Irọ́ gbuu! Ó bínú pé ìyàwó àbúrò òun kú, kò rí ẹni tí yóò dà á lé, ó wá fi ohùn ara rẹ̀ sẹ́nu òkú. Òkú ò kúkú lè sọ pé òun ò sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo jókòó tì í. Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán ni. Ó bi mí bóyá mo ti bomi rin ata ẹ̀yìnkùlé. Mo ní mo ti bomi rin ín. Ó ní ó dáa, ó yíjú sí ògiri, ó sùn. Kò sí nǹkan mìíràn. Kò pè ọ́ torí pé kò mọ̀ pé òun ń lọ. Ata ti tán lẹ́yìnkùlé báyìí, mo ṣì ń bomi rin ìdí rẹ̀.

Mo bẹ fóònù pé kó bá mi gbé fíìmù náà wá. Ó ní fíìmù yìí kò sí ní agbègbè wa. Agbègbè wa kẹ̀! Kâmil gbà á lọ́wọ́ mi, ó gbé e lọ sídìí ìsun omi, ó nà án sí òkúta tí ìyá rẹ dúró sí, ó ní kó wò ó dáadáa kó tó máa parọ́. Kò yí ọ̀rọ̀ padà. Mo gbọ́ pé wọ́n ń ta fíìmù àtijọ́ lọ́jà Istanbul. Bá mi wá a. Àdúrà ogójì ọjọ́ ìyá rẹ ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, lẹ́yìn kéú àti oúnjẹ, mo fẹ́ fi hàn lára ògiri ilé ìwé tó ti ṣófo. Lèmọ́mù kọ́kọ́ ní ọ̀rọ̀ sinimá kọ́ lọ̀rọ̀ òkú. Mo ní Zöhre ìyàwó mi ni, kì í ṣe sinimá. Ó wá ní òun á jókòó sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ògiri náà ti dọ̀tí, bá mi wá owó ẹfun díẹ̀ tí a ó fi kùn ún, má ṣe fi ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ báńkì tó wà lára ògiri yẹn mọ́. Ìgbà tó kọjá, ó ní kí n tẹ àṣírí mi, mo sọ fún un pé kí ó lọ kà á lára ògiri ilé tíì bíi ti gbogbo èèyàn, ó gbé káàdì mi mì. Mú owó náà dání wá.

Mo gbọ́ pé Derya ni wọ́n ń pè ọ́ níbi iṣẹ́. Kò burú, orúkọ tó rẹwà ni. Ṣùgbọ́n ìgbà tí o wà lọ́mọ ọwọ́ tí ibà dá ọ dùbúlẹ̀, tí wọ́n ti ń wá aṣọ funfun, o ṣàdédé kígbe, ìyá rẹ sì gbé ọ jáde sójúde, ó pariwo sí gbogbo abúlé pé ó padà, ó padà dé! Bí o ṣe di Döndü, ọmọ tó padà dé, nìyẹn. Orúkọ a máa ro ọmọ, kí tìrẹ rò ọ́. Kí Ọlọ́run ṣí ọ̀nà, kí mọ́tò má bàjẹ́, kí ẹsẹ̀ rẹ bá ilé láyọ̀. Satılmış kò ní sí lẹ́nu ọ̀nà, èmi ni n ó dúró níbẹ̀.

Tí o bá sì rí fíìmù náà kí o tó dé, wò ó. Tí ó bá ti kan ibi ìsun omi, pa ohùn rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ni kí o wò. O mọ bí ẹnu ìyá rẹ ṣe máa ń rí tó bá ń sọ pé rọra mu ún.

Èmi ni,
Durmuş, bàbá rẹ