Àrọ̀ Tí Baba Sheriffdeen Dà Sódò

                                        Lalala,
                                        Libreville,
                                        Gabon.
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹta, 2024.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà, Àpèkẹ́,

Ṣé dáadáa ni o? Ará Ìsẹ́yìn ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dun Ìyá, ṣé ó ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Àwa náà wà, a dúpẹ́, àfi Baba Sheriffdeen, ọkọ mi, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ojú wa gbolẹ̀ nílùú onílùú.

Ṣé o rántí odò ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù Baba Sheriffdeen, tí àwọn mẹkáníìkì ti fi ọ́ìlì sọ di dúdú? Àwọn la mairie, ìjọba ìbílẹ̀ ibí, ní kí a tún un ṣe kí ẹja lè padà síbẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á wó gbogbo ṣọ́ọ̀bù etí odò. Àpèkẹ́, a ṣiṣẹ́! A kó táyà, páànù àti ọ́ìlì títí ọwọ́ wa fi bó. Màdáàmù Lucienne, olórí àdúgbò, ní kí àwa obìnrin ri ẹ̀ka máńgòrò sínú omi kí ẹja lè ríbi sá sí. Ọkọ mi fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó pàǹtí kúrò ni, a tún ń kó o padà.

Lọ́jọ́ tí àwọn la mairie kó ọmọ ẹpìyà wá dà sódò, ọkọ mi wọ agbádá bí ẹni ń lọ síbi ìkómọ. Ó ní Yorùbá kì í lọ kí ọmọ tuntun lọ́wọ́ òfo, àti pé ẹja bíńtín yẹn ò níyì. Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti da odidi báàfù àrọ̀ ńláńlá lé wọn lórí! Lucienne figbe ta, ó ní àrọ̀ á jẹ wọ́n tán kí ilẹ̀ tó ṣú. Inú ọbẹ̀ nìkan ni ọkọ mi ti mọ àrọ̀. Àṣejù, baba àṣetẹ́!

Hàà! Gbogbo ará mọ́ṣáláṣí wa tó wá wòran bọ́ sódò tàwọ̀n-tàwọ̀n. Baba Sheriffdeen fò mọ́ àrọ̀ kan, agbádá bò ó lójú, ó lọ sísàlẹ̀ gbì! Èmi tí inú ń bí, ẹ̀rín pa mí. Wọ́n kó àrọ̀ tán, a ò rí ẹpìyà kankan. Ni Lucienne bá gbé ẹ̀ka máńgòrò kan sókè díẹ̀, ọmọ ẹja sì tú jáde yàà! Òṣìṣẹ́ la mairie ní àwọn ò ní wó ṣọ́ọ̀bù mọ́.

Nílé, mo fẹ́ fọ agbádá, mo kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ọ́ìlì ni ẹni tó bá jìn sódò yẹn máa ń rùn títí ara á fi bó. Àpèkẹ́, ẹrẹ̀ lásán ni agbádá ń rùn. Mo sunkún ayọ̀.

Bá mi kí Ìyá àti gbogbo ilé. Sọ fún wọn pé àrọ̀ la ń jẹ láti ọjọ́ náà, láàárọ̀ àti lálẹ́, Baba Sheriffdeen ò sì gbọdọ̀ ṣàròyé.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ̀rín ò tíì tán lẹ́nu rẹ̀,
Mutmainah.