Nọ́ọ̀sì Tó Mọ Ohùn Mi

Ìyá àwọn ọmọ mi,

Ara mi le koko, bí a bá yọ ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru kúrò. Nítorí àjàkálẹ̀ àrùn, ẹnu ọ̀nà yàrá ni ọmọ wa ń gbé oúnjẹ mi sí. Mo ti tú kọ́tìnnì, mo tún un rán lẹ́ẹ̀mẹta.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo pe nọ́ọ̀sì, mo ní mo gbàgbé ìlò oògùn mi.

"Bàbá, ẹ̀ẹ̀kẹrin òní rèé! Ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀ nílé?"

Mo ní ilé kún fọ́fọ́. Ni ọ̀fìnkìn bá ṣàdédé dí mi nímú.

Láràárọ̀ ló ń pè mí báyìí. Ó ní nítorí ṣúgà mi ni.

Bá mi kí ará ilé. Ìwọ náà máa pè mí, kódà bó jẹ́ ìjà lo fẹ́ bá mi jà.

Ọkọ rẹ, télọ̀.