Aláàánú Inú Fóònù Mi

Ẹtì, 10 Oṣù Kẹfà, 2022

Fìríìjì kú. Gbogbo zóbò tí mo fẹ́ tà tó wà nínú rẹ̀ ló kan, mo dà á nù sẹ́yìnkùlé. Àúdù tó máa ń tún un ṣe ní ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló jóná, ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlógún, kò ní gba kọ́bọ̀ tó dín. Owó oṣù ò sì tíì jáde níléèwé tí mo ti ń kọ́ni ní Mando, ní Kaduna níbí. Màmá Sùúrù — ọ̀gá wa nìyẹn, nítorí "ẹ ṣe sùúrù" ni owó oṣù tó máa ń san — tún ti bẹ̀ wá.

Mo lè lọ yá owó ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ Ìfẹ́dapọ̀ wa ní Ungwan Boro ń yáni lówó láìgba èlé. Àmọ́ wàá dìde nínú ìpàdé, wàá ro ẹjọ́ rẹ létí gbogbo ayé, Alága á wá gbàdúrà lé e. Nígbà tí Bàbá Ìbùkúnolúwa yá owó iṣẹ́ abẹ jẹ̀díjẹ̀dí, títí ọdún fi parí la fi ń gbàdúrà fún ìdí bàbá olóyè yẹn. Èmi? Láéláé. Bàbá mi tún ni akápò. "A kì í fi gbèsè sọ́rùn ṣọ̀ṣọ́" ni orin rẹ̀ láràárọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bá Aláàánú pàdé. Inú fóònù ló ń gbé. Kò béèrè onídùúró, kò gbàdúrà. Mo tẹ "mo gbà", mo tẹ "mo gbà", mi ò ka ohun tí mo gbà. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún ni mo yá, ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlógún ló wọlé. Wọ́n ti yọ ohun tí wọ́n pè ní owó iṣẹ́ kí n tó fọwọ́ kan án, èlé ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọjọ́ méje, kí n dá ẹgbẹ̀rún méjìlélógún padà. Mo ní kò burú. Owó oṣù á ti dé.

Àbámẹ́ta, 11

Fìríìjì ń kùn. Kò sí orin tó dùn tó o ní gbogbo Kaduna.

Àìkú, 12

Alàgbà Dáramọ́lá, Alága ẹgbẹ́, yà nílé wa lẹ́yìn ìsìn. Bàbá fẹ́ gbé ipò akápò sílẹ̀ níparí oṣù, wọ́n sì fẹ́ kí n gbà á. Obìnrin àkọ́kọ́! Ó ní ẹni tí orúkọ rẹ̀ mọ́ làwọn ń wá. Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń dùn mí. Mo fẹ́ ẹ o. Mo fẹ́ ẹ ju bí mo ṣe rò lọ. Bàbá fọ abọ́ fúnra rẹ̀, ó sì ń kọrin, eyín tuntun rẹ̀ ń dán.

Orúkọ tó mọ́. Kí n tètè san owó yìí kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́.

Ọjọ́rú, 15

Zóbò tà dáadáa. Raheemat tá a jọ ń kọ́ àwọn ọmọ kékeré mú ìgò mẹ́ta, ó san owó méjì. Mo sọ̀rọ̀ Aláàánú fún un. Ó gbá orí mú, ó ní ribá gidi nìyẹn, èlé tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù kà léèwọ̀, ó sì mú ìgò kẹrin láti fi tu ara rẹ̀ nínú.

Ẹtì, 17

Màmá Sùúrù ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo kó owó zóbò jọ, kò tó. Aláàánú ní tí apá mi ò bá ká a, kí n san ẹgbẹ̀rún márùn-ún, àwọn á fún mi ní ọjọ́ méje sí i. Mo san án. Mo wá wo gbèsè: ẹgbẹ̀rún méjìlélógún ṣì ń wò mí. Owó tí mo san ò dín kọ́bọ̀ kan kù níbẹ̀, ọjọ́ ni mo fi rà. Sogúndogójì làwọn bàbá wa ń pe irú èyí. Tiwọn tiẹ̀ sàn, ẹsẹ̀ ni sogúndogójì ìgbà yẹn fi ń rìn wá.

Ìṣẹ́gun, 21

Ìdájí. Ọkùnrin kan pè, ó ní Ezra lorúkọ òun, láti ọ̀dọ̀ Aláàánú. Gẹ̀ẹ́sì ló fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó pe orúkọ mi tán ló bọ́ sí Yorùbá, "ẹ káàárọ̀ mà", bí ẹni tó ń bọ̀ wá fẹ́ mi. Ó wá ń ka àwọn orúkọ inú fóònù mi sí mi létí. Bàbá mi. Alága. Àúdù Fìríìjì. Ohun tí mo "gbà" lọ́jọ́sí nìyẹn! Tí owó ò bá wọlé lọ́jọ́ Ẹtì, ó ní gbogbo wọn ló máa gbọ́. Mo ní kó má bínú. Ó ní òun ò bínú mà, iṣẹ́ ni.

Ọjọ́rú, 22

Mo rí òmíràn lórí fóònù, Àbúrò Aláàánú. Mo fẹ́ yá tiẹ̀ kí n fi san ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Raheemat já fóònù gbà lọ́wọ́ mi. "Haba Kíkẹ́, ki bari, fi í sílẹ̀. Èyí tó o jẹ ò tíì tó ẹ ni?" Ìgbà tá a tilẹ̀kùn iléèwé ló tó dá a padà.

Ọjọ́bọ̀, 23

Fóònù Bàbá dún lórí tábìlì nígbà tó ń wẹ̀. Mo wo nọ́ńbà náà. Ezra ni. Bàbá sáré jáde tòun ti aṣọ ìnura, ó gbé fóònù lọ sẹ́yìn ilé, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó padà, ó ní ẹnì kan ló ṣì òun pè. Kò jẹun tán. Kò wojú mi.

Ó ti mọ̀. Ó ń bò mí láṣìírí, ohun tó sì dùn mí jù nìyẹn. Ì bá kúkú bú mi.

Ẹtì, 24

Owó oṣù ò dé.

Àbámẹ́ta, 25

Wọ́n ti ṣe é. Fọ́tò mi tí wọ́n yà nígbà tí mò ń forúkọ sílẹ̀, ẹnu mi là sílẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé oníjìbìtì ni mí, pé mo gbówó sá lọ, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó wà nínú fóònù mi. Sá lọ sí ibo? Inú kíṣíìnì ni mo wà, mò ń sẹ́ zóbò. Àúdù ló kọ́kọ́ pè, ó fi Hausa béèrè bóyá mo ti kúrò nílùú lóòótọ́, nítorí ó yẹ kóun wá yẹ fìríìjì wò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Àǹtí mi ní Ìlọrin ní fọ́tò náà ò dára, kí n fún wọn ní òmíràn. Mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún. Alága pè títí, mi ò gbé e. Bàbá wọ yàrá rẹ̀, ó pa fóònù.

Ìpàdé dọ̀la. Tí mi ò bá lọ, wọ́n á ní mo sá lóòótọ́.

Àìkú, 26

Mo lọ. Aṣọ mi tó dára jù ni mo wọ̀. Kò sẹ́ni tó wò mí, fóònù ni gbogbo wọn tẹjú mọ́. Kí Alága tó lanu, mo dìde, mo sọ gbogbo rẹ̀: fìríìjì, èlé, ọjọ́ tí mo rà. Ìyá Stella béèrè ohun tó wà lọ́kàn gbogbo wọn, pé kí ló dé tí mi ò wá bá wọn.

"Àdúrà yín ni mo bẹ̀rù," mo wí. "Mo lọ bá fóònù torí kò ní sọ fún ẹnì kankan. Òun náà ló wá sọ fún gbogbo ayé."

Bàbá Ìbùkúnolúwa ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ó ní ká lóun mọ̀ pé fóònù ń yáni lówó ni, ì bá tọ́jú ìdí òun láṣìírí. Ni gbogbo gbọ̀ngàn bá dà rú.

Mo ní tí wọ́n bá ṣì fẹ́ mi, kí ẹni tó bá fẹ́ yá owó máa sọ ọ́ létí akápò nìkan, kí onídùúró kan sì tó. Wọ́n jiyàn. Ẹnì kan ní ajigbèsè kọ́ ló yẹ kó di àpótí owó mú. Ó dùn mí, àmọ́ kò parọ́. Nígbà tí wọ́n dìbò, àwọn tó nawọ́ fún mi ló pọ̀ jù. Bàbá ò nawọ́ rárá. Ó gbé àpótí kalẹ̀, wọ́n ka owó níwájú gbogbo èèyàn, ó pé.

Owó àyálò àkọ́kọ́ tí mo kọ sílẹ̀, tèmi ni. Ìyá Stella dúró fún mi. Aláàánú ti gba tirẹ̀ nírọ̀lẹ́ yìí, ó sì dáhùn lójú ẹsẹ̀: ẹ kú oríire, ẹ ti lè yá ìlọ́po méjì.

Ajé, 27

Bàbá kan ilẹ̀kùn mi. Bàbá tí kì í kanlẹ̀kùn. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Akápò." Mo rò pé ó ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ ni. Ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó béèrè bóyá òfin sísọ ọ́ létí ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ezra ń pè mí."

Mo ní mo mọ̀, kí ó má bínú, mo ti san gbogbo rẹ̀.

"Tìrẹ kọ́. Tèmi ni."

Eyín àtọwọ́dá méjì tó fi dí àlàfo iwájú ẹnu rẹ̀, tí gbogbo wa ń yìn láti Àjíǹde, owó Aláàánú ni! Ó fẹ́ ka ìṣirò rẹ̀ ìkẹyìn fún ẹgbẹ́ láìsúfèé. Òun náà ti ra ọjọ́ títí. Èmi sì rò pé ìtìjú mi ni kò jẹ́ kó wojú mi! Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi ṣubú sórí bẹ́ẹ̀dì, òun náà ń rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ bo eyín.

Lẹ́yìn náà ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sí mi lọ́kàn. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ni àpótí wà ní gbogbo ìgbà yẹn, tó kún fún owó, tí Ezra ń pè é lólè lójoojúmọ́. Mo bi í pé ṣé kò ṣe é bíi kó ṣí i lẹ́ẹ̀kan péré.

Ó wò mí bí ẹni tó béèrè ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. "Owó ẹgbẹ́ ni."

Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi. Mo ṣí ìwé, mo kọ orúkọ rẹ̀, mo ní ta ni onídùúró. Ó wolẹ̀. Ó ní òun ò tíì sọ fún ẹlòmíràn.

Mo kọ orúkọ ara mi síbẹ̀.