Nọ́ńbà Tí Ẹ Fún Ará Ìkọ̀lé

Ọ́fíìsì Amòfin Àgbà Dàwódù,
Aláùsá, Ìkẹjà.
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹta, ọdún 2002.

Sí Ọ̀gbẹ́ni Job, Àgídìngbì.

Ọ̀gbẹ́ni mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ láti orí àga mi tó ń yí bírí. Mo lérò pé ara yín le, pé ẹ̀yìn tó máa ń dùn yín nídìí kọ̀ǹpútà ti fúyẹ́, pé ẹ sì ti ń rántí jẹun ọ̀sán.

Ọ̀rọ̀ géèmù tí ẹ ṣe ni mo bá wá, èyí tí ọkọ̀ ojú irin ń gba Agége kọjá tí ewúrẹ́ ń ya lù ú. Ẹ fi àgádágodo sí i: ẹni tó bá rà á, nọ́ńbà kan á yọ lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀, á fi fóònù kà á fún yín, ẹ ó sì fún un ní èyí tó máa ṣí i. Ìwádìí ọ́fíìsì wa fi hàn pé àgádágodo yìí dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Kazeem tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ní Ọ̀tígbà. Ẹ̀yin ní ọdún méjì lẹ fi ṣe é, kí ẹni tó fẹ́ ṣeré rà á. Ọ̀gá Kazeem ní ẹni tó rà á gan-an lẹ̀ ń fìyà jẹ. Tíṣà kan ní Dọ̀pẹ̀mú tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń bàjẹ́, tí àgádágodo sì ń padà sórí géèmù rẹ̀ tí wọ́n bá ti tún un ṣe, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti pè yín lórí ohun tó fowó ara rẹ̀ rà.

Ọmọ kan tó ń bá Ọ̀gá Kazeem ṣiṣẹ́, Mùíbì lorúkọ ẹ̀, wá dá sí i. Ó ní kó tó di Jímọ̀ òun á ṣí i. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní, "Ìwọ tó ò parí JS Túù?" Ó dun ọmọ náà. Èmi amòfin rò pé kò yẹ kó dùn ún tó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi gbìyànjú, kò rí i ṣí. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ó lọ sọ́dọ̀ Simbiat tí èèyàn máa ń sanwó pe fóònù lábẹ́ agboòrùn ẹ̀. Ó wúkọ́, ó sọ ohùn ẹ̀ di ti bàbá Èkìtì, bí bàbá yín ṣe sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n wá kí yín ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní òun ni ọ̀gá ilé ìwé kan nílùú yín, ní Ìkọ̀lé, pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ogún kọ̀ǹpútà wá fún àwọn, pé àwọn ọmọ fẹ́ rí géèmù tí ọmọ ìlú wọn ṣe. Lẹ́yìn náà lẹ ka nọ́ńbà tó ń ṣí gbogbo kọ̀ǹpútà fún mi, lọ́fẹ̀ẹ́.

Mo ti kọ "fún mi". Bírò ni, kò ṣeé parẹ́. Bọ̀dá Job, èmi ni.

Mo kàn fẹ́ fi hàn yín ní Jímọ̀ ká jọ rẹ́rìn-ín ni. Àmọ́ mo ti kọ nọ́ńbà náà sára síídì géèmù yín kan kí n má bàa gbàgbé, mo sì fi í sílẹ̀ lórí tábìlì ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ Ajé, gbogbo Ọ̀tígbà ti ń ta kọ́pì ẹ̀, nọ́ńbà sì wà lára páálí síídì. Kò sẹ́ni tó tún pè yín mọ́.

Ìyẹn kọ́ ló ń jẹ mí lọ́kàn jù. Ẹnì kan ṣoṣo lẹ fún ní nọ́ńbà yẹn. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi jókòó sí ṣọ́ọ̀bù wa lọ́sẹ̀ tó kọjá, tẹ́ ẹ ní, "Ará ilé mi ló tà mí. Mi ò ní ṣe nǹkan kan fún wọn mọ́." Ẹ ní kí Ọ̀gá Kazeem bá yín wá ẹni tó máa ra kọ̀ǹpútà yín, tòun ti géèmù kejì tó wà nínú ẹ̀. Mo wà níbẹ̀. Mò ń tú kọ̀ǹpútà oníkọ̀ǹpútà lọ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ò kàn mí.

Kò sí ọ̀gá ilé ìwé kankan. Ará ilé yín ò ṣẹ̀ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ta kọ̀ǹpútà yẹn. Tó bá jẹ́ pé èmi lẹ ò fẹ́ rí mọ́, mo gbà. Mo forúkọ amòfin bẹ̀rẹ̀ torí mo mọ̀ pé tẹ́ ẹ bá rí tèmi lókè, ẹ ó rò pé àwàdà ni, ẹ ò ní kà á.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó rẹ̀ yín nídìí iṣẹ́. Èyí tí ẹ bá tún ṣe, ẹ̀yin lẹ máa jèrè ẹ̀.

Èmi tí ẹ máa ń pè ní àbúrò,
Mùíbì, ti ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Kazeem.

Àfikún: Kẹ́ ẹ tó gbé fóònù sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ẹ ní, "Ẹ bá mi kí àwọn ọmọ náà, sà." Kò sí ọmọ tí mo lè bá yín kí. Ọwọ́ mi ni kíkí yẹn ṣì wà.